Ọjọ́ Méje Tí Òfì Fi Dákẹ́

Mínnà,
ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta, 1913.

Sí Ìyá mi, ní agbo ilé aláṣọ òfì, Ìséyìn. Kí Tíṣà Olúfẹ́mi jọ̀wọ́ bá mi kà á sí wọn létí.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí yín kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ sì kú ìtọ́jú mi. Mo mọ̀ pé ilé á ti dá fún yín láti ìgbà tí mo ti padà. Àlàáfíà ni mo gúnlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ẹsẹ̀ rìn kí n tó dé Ìbàdàn, ibẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Àádùn tí ẹ dì fún mi kò tán títí mo fi kọjá Jẹ́bà.

Fèrèsé tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ṣì wà níbi tí mo fi í sí, àwọn èrò náà sì nìyẹn tí wọ́n ń ti ara wọn. Òyìnbó ọ̀gá mi yẹ ìwé iṣẹ́ tí mo gbé wá sílé wò. Ó ní òun ò tíì rí akọ̀wé tó lọ fún ìsinmi tó sì parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ bọ̀. Inú mi dùn, mo ní kí n sọ fún yín kí inú tiyín náà lè dùn.

Ṣùgbọ́n Ìyá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà lọ́kàn mi. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo lò lọ́dọ̀ yín. Ìsinmi ni wọ́n pè é, èmi ò rí ìsinmi kankan níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, èrò á ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èyí á ní òun wá kí mi, tọ̀hún á ní òun náà wá kí mi. Mo gbé tábìlì sẹ́nu fèrèsé yàrá yín, mo ní kí wọ́n jókòó sórí àga gbọọrọ níta, mo wá ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹni tó kàn!" Ẹ rí i pé ó yá. Kò sí ẹni tó lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ lọ́dọ̀ mi, aago àpò mi jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́, wọ́n á kàn máa wò mí. Ẹni tí kò fẹ́ nǹkan kan, kí ló wá ṣe?

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti iṣẹ́ ilé wa. Ní kékeré mi, ìró òfì ló ń jí wa lójú oorun. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo lò, òfì kan ò dún! Gbogbo ọkùnrin ilé jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán, wọ́n ń ta ayò, nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó jẹ́ àkókò iṣẹ́ gan-an. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí wọ́n tó rántí pé àwọn ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Èmi tí mo wà ní ìsinmi, èmi nìkan ni mò ń ṣiṣẹ́. Bàbá Ìyápọ̀ pàápàá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó tọ́ mi dàgbà, tí mi ò mọ̀ mọ́ ọ̀lẹ rí, wọ́n á jókòó sórí àga gbọọrọ láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí, wọ́n á máa wo fèrèsé mi. Ẹ bá mi fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ́ kí ilé wa di ilé ọ̀lẹ.

Aṣọ sányán tí wọ́n ní àwọn ń hun fún mi ńkọ́? Ọ̀gá àgbà kan ń bọ̀ wá bẹ̀ wá wò nígbà Kérésìmesì, mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bí wọn ò bá fi odidi ọ̀sẹ̀ jókòó, ì bá ti parí.

Ẹ kí ilé, ẹ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi ni ọmọ yín tòótọ́,
Isaac Mákindé.


Ìséyìn,
ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún, 1913.

Mákindé, Àdìgún mi,

Mo kí ọ. Ṣé ara rẹ le? Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí, a ti gbin àgbàdo. Ewúrẹ́ funfun yẹn bí ìbejì.

O máa ti rí i pé èsì mi pẹ́. Tíṣà ka lẹ́tà rẹ fún mi lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó tún un kà. Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kó fi í pamọ́ sínú Bíbélì rẹ̀, torí mi ò fẹ́ kó sùn nínú agbo ilé yìí. Ọjọ́ Àìkú mẹ́fà ló ti ń bi mí bóyá ká fèsì, tí mò ń sọ pé kó jẹ́ kí inú mi rọ̀ ná. Ó ti rọ̀ díẹ̀. Kò tíì rọ̀ tán.

Mákindé, kí ló ṣe ọ́? Àwọn tó fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ nítorí rẹ lo pè ní ọ̀lẹ!

Kékeré lo ti lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Ọ̀yọ́, bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí o kò fi mọ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ. Nínú agbo ilé yìí, bí ọmọ ilé bá ti ìdálẹ̀ dé, ọjọ́ méje ni gbogbo òfì fi ń dákẹ́. Wọ́n á ká òwú kúrò, wọ́n á fi aṣọ bo òfì. Wọ́n ní etí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé kò gbọdọ̀ gbọ́ ìró iṣẹ́, kí ara rẹ̀ lè mọ̀ pé òun ti délé. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Wọn kì í sì í sọ ọ́ fún ẹni tó dé. Wọ́n ní bí wọ́n bá sọ ọ́, á fẹ́ máa dúpẹ́ kiri, ọpẹ́ náà á tún di iṣẹ́. Wọ́n ṣe é fún bàbá rẹ nígbà tó ti Kúmásí dé, ìwọ kò tíì máa rìn nígbà náà.

Ṣé o rántí ọjọ́ kejì tí o dé? Mò ń ro ọkà lẹ́yìn ilé, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. O pariwo pé "Ẹni tó kàn!" Bàbá Ìyápọ̀ dìde. O ní, "Kí lẹ fẹ́, Bàbá?" Wọ́n ní, "Mo wá wò ọ́ ni." O ò gbójú sókè, Mákindé. O ní, "Ẹ ti rí mi. Ẹ jókòó ná kí n parí ojú ewé yìí." Bàbá jókòó. Ojú ewé yẹn ò parí títí ọjọ́ keje fi pé. Omorogùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, mo sì dákẹ́, torí mo ní kí n má dójú tì ọ́ lójú èrò. Èmi ni ojú wá tì.

Àwọn obìnrin ìdí odò ti sọ mí lórúkọ. Ìyá Ẹni-tó-kàn ni wọ́n ń pè mí. Bí omi bá kan ẹnìkan láti pọn, wọ́n á pariwo "Ẹni tó kàn!", wọ́n á wò mí, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìyápọ̀ ní tiwọn ò sọ nǹkan kan, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Mo lọ bá wọn pé ìwé Mákindé dé, ṣé wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí a máa bá wọn fi ránṣẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ má dí i lọ́wọ́. Ó ń ṣiṣẹ́." Nígbàkígbà tí a bá ti dárúkọ rẹ, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Ẹ má dí i lọ́wọ́." Ìyápọ̀ ọmọ wọn á wo ilẹ̀, èmi náà á wo ilẹ̀.

Mi ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé o pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Mi ò sì béèrè aṣọ kankan. Ojú wo ni kí n fi béèrè rẹ̀?

Èmi ìyá rẹ,
Ojúọlápé.
Tíṣà Olúfẹ́mi ló bá mi kọ ọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí àwọn ọ̀rọ̀ kan rọ̀, mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.


Mínnà,
ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, 1913.

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà. Ẹnu iṣẹ́ ni lẹ́tà yín ti bá mi. Mo ti fèrèsé mọ́ àwọn èrò lójú, mi ò sì ta tíkẹ́ẹ̀tì kankan títí mo fi kà á tán. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí.

Ojú tì mí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu èrò kan báyìí, mo máa ń wò ó bóyá ará Ìséyìn ni, bóyá ó ti gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín, Ìyá: kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Mo gbọ́ pé wọn kì í sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bí mi, ṣé ẹ ò lè fà mí létí lẹ́yìn ilé kí ẹ ní, "Mákindé, gbé kálámù yìí sílẹ̀"? Mi ò ní bá yín jiyàn. Ẹ jẹ́ kí n tẹ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ẹ má bínú. Mi ò yẹ lẹ́ni tó ń báni wí. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ní kí n gbé ìwé iṣẹ́ wálé, èmi ni mo bẹ ọ̀gá mi kó jẹ́ kí n gbé e. Ọkùnrin kan wà níbí, Ọ̀jẹ̀túndé, ará Ògbómọ̀ṣọ́, òun ni wọ́n fi jókòó sí fèrèsé mi nígbà tí mo lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, wọ́n á rí i pé nǹkan ń lọ déédéé láìsí mi. Bí mo bá dùbúlẹ̀ sórí ẹní yín, àyà mi á máa já, fèrè ọkọ̀ ojú irin á máa dún létí mi. Bí mo bá ti mú kálámù, á dákẹ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi mọ́, Ìyá. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, òótọ́ ni mò ń sọ.

Mo fi àtùpà kan rán ẹni tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn, gíláàsì rẹ̀ mọ́ gaara. Ẹ gbé e fún Bàbá Ìyápọ̀. Ẹ ní mo ní kí wọ́n máa fi hun aṣọ bí ilẹ̀ bá ṣú, kí wọ́n lè rí ọjọ́ méje tí wọ́n pàdánù nítorí mi gbà padà. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi, ohun yòówù kó jẹ́.

Ọmọ yín,
Mákindé.


Mínnà,
ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ, 1913.

Ìyá mi,

Mo kí yín. Oṣù méjì ti kọjá, mi ò rí ìwé kankan. Ṣé àtùpà náà dé? Ṣé Bàbá gbà á? Bó jẹ́ èébú ni wọ́n bú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ti pọ̀ jù.

Mákindé.


Ìséyìn,
ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án, 1913.

Mákindé, Àdìgún mi,

Mo kí ọ, ilé kí ọ. Àtùpà dé, gíláàsì rẹ̀ ò sì fọ́. Bàbá gbà á. Wọ́n fọwọ́ pa á yíká, wọ́n ní ó dára, wọ́n ṣàdúrà fún ọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ká gbé e fún Tíṣà, pé òun ló máa wúlò fún.

Èmi ìyá rẹ, ~~Ojúọlápé.~~

O rí ibi tí Tíṣà ti fi kálámù fa orúkọ mi rẹ́ yẹn? Mo fẹ́ kí lẹ́tà náà parí síbẹ̀. Ó ti kọ orúkọ mi tán kí n tó ní kó dúró. Ohun tó wà nínú mi ò jẹ́ kí n lè dìde níbi tí mo jókòó sí.

Mákindé, Bàbá ò ríran mọ́.

Wọ́n ní bí mo bá sọ ọ́ fún ọ, àwọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Kí wọ́n má bá mi sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Kí o tó wálé ni ojú náà ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ọyẹ́ bá ń bo òkè. Ìyápọ̀ ọmọ wọn nìkan ni wọ́n sọ fún. Aṣọ sányán rẹ wà lójú òfì nígbà náà, wọ́n sì mọ̀ pé bí àwọn ò bá dáwọ́ dúró, á parí kí ojú tó lọ. Nígbà tí a gbọ́ pé ò ń bọ̀, Ìyápọ̀ bẹ̀ wọ́n. Ó ní kí òfì gbogbo wa dákẹ́, kí tiwọn nìkan máa dún, kò sẹ́ni tó máa bá wọn wí. Wọ́n ní ó ti o. Wọ́n ní kì í ṣe òfì tàwọn ló máa lé oorun lójú Mákindé.

Wọ́n sọ fún ọ pé wọ́n wá wò ọ́ ni. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Ojú tó kù fún wọn ni wọ́n gbé wá sórí àga gbọọrọ yẹn fún ọjọ́ méje, kí wọ́n lè wò ọ́ sílẹ̀ de ìgbà tí wọn ò ní rí ọ mọ́. O dorí kọ ìwé. Àárín orí rẹ ni wọ́n rí.

Nígbà tí wọ́n padà sórí òfì, ó ku fọnrán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n máa rán mọ́ ìyókù kí aṣọ náà pé. Wọ́n hun ọ̀kan. Lórí èkejì, òwú bẹ̀rẹ̀ sí í já, wọn ò sì rí ibi tó ti já. Ìyápọ̀ ní òun á bá wọn parí rẹ̀, wọ́n kọ̀.

Ohun kan tún kù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ yẹn, "Ẹ má dí i lọ́wọ́," gbogbo wa la rò pé èébú ni. Lánàá mo fìgboyà bi wọ́n. Wọ́n ní, "Èébú kẹ̀? Èmi náà ti ṣiṣẹ́ rí. Mo mọ bó ṣe máa ń dunni tí wọ́n bá díni lọ́wọ́." Wọ́n tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ni mo sá jáde lọ sọkún.

Èmi ni,
Ojúọlápé.


Mínnà,
ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, 1913.

Ìyá mi,

Mo ti ya ìwé mẹ́ta dànù kí n tó kọ èyí. Mi ò mọ irú kíkí tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀.

Àárín orí mi! Láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà yín ni mo ti ń fọwọ́ kàn án. Mo sì tún rán àtùpà sí wọn. Áà! Mo rán àtùpà sí ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń lọ, pé kó máa ṣiṣẹ́ lálẹ́, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi. Ó sàn kí wọ́n bú mi. Bí ilẹ̀ bá lanu báyìí, mi ò ní sá, kó gbé mi mì.

Mo lọ bá ọ̀gá mi. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti ìparí oṣù kìíní, pẹ̀lú ìrìn àlọ àti àbọ̀. Ó bi mí pé ìwé wo ni mo fẹ́ gbé lọ, mo ní kò sí. Ọ̀jẹ̀túndé ló máa jókòó sí fèrèsé. Bó bá wù ú kó má dìde níbẹ̀ mọ́. Mo máa fi aago àpò mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo búra fún yín.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ má jẹ́ kí òfì dákẹ́ nítorí mi. Kí oníkálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ti jẹ ẹ̀tọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan, mo fi ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kí n lọ bá Bàbá, kí n sì padà.

Mákindé.


Ìséyìn,
ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá, 1913.

Mákindé,

Tíṣà ka lẹ́tà rẹ fún Bàbá. Ọjọ́ méjì péré ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀, ni ó bá sú wọn.

Wọ́n ní òfì máa dákẹ́. Wọ́n ní ta ni ọ́ tó o fi ń bá agbo ilé du àṣà? Ìwọ kọ́ lo ni ín, ilé ló ni ín. Wọ́n ní iwájú ni kó o gbà wọlé, olè ló ń gba ẹ̀yìnkùlé. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: kó o má gbé iṣẹ́ kankan wọ inú agbo ilé.

Èmi ní tèmi, ra iyọ̀ díẹ̀ bọ̀. Tibí ti wọ́n jù.

Ìyá rẹ.


Mínnà,
ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì, 1914.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí Bàbá, mo kí gbogbo ilé. Àárọ̀ àná ni mo gúnlẹ̀. Ọ̀jẹ̀túndé ò ba nǹkan kan jẹ́. Ó tilẹ̀ to tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa ju bí mo ṣe ń tò ó lọ. Ó dùn mí díẹ̀, ó sì kọjá.

Ẹ rí èmi àti Bàbá láti ọ̀ọ́kán lójoojúmọ́, ẹ ò gbọ́ ohun tí a ń sọ. Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀, ẹ bi mí pé kí ló pa mí lẹ́kún. Mi ò lè sọ ọ́ lójú yín. Ìwé ò ní ojú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí.

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní èmi ni. Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́?" Ìyá, wọn ò fi ṣẹ̀sín rárá. Wọ́n bi mí bí èèyàn ṣe ń bi ọmọ rẹ̀, bóyá omi ni, bóyá oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára. Mo ní, "Mo wá wò yín ni, Bàbá." Wọ́n ní, "Ó dáa. Jókòó." Wọ́n nawọ́, wọ́n fi pa mí lójú, wọ́n pa mí nímú, wọ́n pa mí létí, bí ẹni tó ń wá nǹkan. Nígbà tí ọwọ́ wọn dé àárín orí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí ni mo mọ̀."

Mi ò lè gbórí sókè fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́ kejì le jù. Ọwọ́ mi ò mọ ibi tó máa wà. Mo ka igi àjà ilé wọn, mo tún un kà. Mi ò mọ̀ pé ilé wa lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀: adìẹ, àwọn ọmọdé, ọyẹ́ tó ń mi ewé ọ̀dán, ó tán. Ní ọjọ́ kẹta, oorun gbé mi lọ lórí ẹní wọn ní ọ̀sán gangan. Nígbà tí mo máa fi jí, oòrùn ti ń wọ̀, Bàbá sì ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin lára mi. Mi ò sùn bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dé Mínnà. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti mọ ìsinmi.

Èyí ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mo purọ́ fún yín nípa aago yẹn. Mo gbé e lé Ọ̀jẹ̀túndé lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó ṣí mo ti gbà á padà. Mo ní kí n má lọ pàdánù ọkọ̀ nígbà tí mo bá ń bọ̀. Ara mi ni mò ń tàn. Mo fi aṣọ ìnujú wé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fi í sí ìsàlẹ̀ àpò ṣòkòtò mi, òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mò ń lọ yí i lẹ́yìn ilé kó má baà kú. Mo gbà pé kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje, mo fẹ́ dìde, Bàbá ní, "Mákindé, kòkòrò tó wà lápò rẹ yẹn, ṣé òun kì í sinmi ni?"

Mo ní, "Bàbá, láti ìgbà wo lẹ ti ń gbọ́ ọ?"

Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ tó o dé. Gbogbo ilé ló dákẹ́. Kí ni kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ọ?"

Ìyá, ẹ wò ó. Gbogbo ọkùnrin ilé wa pa òfì tì kí n má baà gbọ́ ìró iṣẹ́. Èmi ni mo gbé ìró iṣẹ́ wọlé, mo gbé e jókòó ti Bàbá fún ọjọ́ méje, ẹni tó jẹ́ pé etí nìkan ló kù fún. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí.

Wọ́n ní, "Mi ò fẹ́ dí ọ lọ́wọ́."

Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún.

Mo yọ aago náà, mo so ó mọ́ òfì wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sányán tí kò parí. Kí ẹnikẹ́ni má yí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì parí aṣọ náà, bó ṣe wà yẹn ni mo fẹ́ ẹ. Aago ńlá wà ní ìdíkọ̀ níbí, ó tó mi.

Ọmọ yín tí ojú ṣì ń tì,
Mákindé.


Ìséyìn,
ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, 1914.

Mákindé, Àdìgún mi,

Mo kí ọ. Mi ò fi èsì falẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Ìyá Ẹni-tó-kàn ní ìdí odò. Ó ti mọ́ mi lára, jẹ́ kí wọ́n máa pè é. Iyọ̀ tó o rà dára.

Ní òwúrọ̀ tó o lọ, Ìyápọ̀ àti àwọn yòókù ti ń ṣí aṣọ lórí òfì wọn, torí ọjọ́ méje ti pé. Bàbá ní kí wọ́n dúró. Wọ́n ní kí wọ́n tún aṣọ náà dá padà. Kò sẹ́ni tí ó yé. A rò pé ara wọn ò yá ni.

Wọ́n jókòó ti òfì wọn ní gbogbo ọjọ́ náà. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí kòkòrò rẹ yẹn tó dákẹ́. Bàbá pè mí, wọ́n ní kí n fetí sílẹ̀. Mo fetí sílẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní, "Ó ti ń sinmi báyìí." Wọ́n wá kọjú síta, wọ́n ní, "Ẹ lọ ṣiṣẹ́ yín."

Ìyá rẹ,
Ojúọlápé.